Àjà àti Ajá Ilé Wa

Ìdajì ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ohùn èdè Yorùbá ló jẹ̀bi rẹ̀. Ìdajì tó kù, èmi ni. Mo ti dàgbà tó báyìí láti jẹ́wọ́ ìdajì tèmi, nítorí gbogbo àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fa etí mi ló ti lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ìdajì àkọ́kọ́ yẹn, n kò ní gbà á láé. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n bí sí Potakọ́ọ̀tù, tó ń bá àwọn ọmọ Ìkwèrè àti ọmọ Íbò ṣeré láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé Píjìn ló fi ń jà, Píjìn ló fi ń bẹ̀bẹ̀, Píjìn náà ló fi ń lá àlá. Kí ẹnì kan wá ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé, kó ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ yẹ àjà wò! Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń pè é ní àjà. Síìlìn là ń pè é. Páànù pàápàá, síńkì ló ń jẹ́ lẹ́nu wa. Ohun kan ṣoṣo tó jọ ọ̀rọ̀ yẹn tí mo mọ̀ ni ajá, ajá kan ṣoṣo ló sì wà lágbo ilé wa, Bíngò ni wọ́n ń pè é.

Bàbá mi ló kọ́ ilé náà fúnra rẹ̀, ní Díóbù, níbi tí a ti lè gbọ́ ariwo àwọn ará Mile 3 bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí wa. Akọ̀wé ni ní wáàfù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀, kì í ṣe olówó, nítorí náà ilé yàrá mẹ́rin yẹn dà bí ìyàwó kejì fún un. Bí àlejò bá wá, kò ní jẹ́ kí ó jókòó kó tó fi ọwọ́ lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì, kí onítọ̀hún lè gbọ́ bí ó ṣe le tó. Páànù orí rẹ̀ ló fi ń yangàn jù. Ní ọ̀sán gangan, bí oòrùn bá ti mú, páànù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́, bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀ bá ti ń tutù ní ìrọ̀lẹ́, á tún dún. Ìyá mi á ti máa ro ọkà lẹ́yìnkùlé, èéfín ẹja tí wọ́n ń yan ní ilé kejì á ti wọlé tọ̀ wá, bàbá mi á sì wo òkè, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ilé òun ń kí òun káàbọ̀. Èmi náà gbà pé kíkí ló ń kí i.

Ìgbà ọyẹ́ ni Màmá Àgbà dé, ìyá tó bí bàbá mi. Ọkọ rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú, bàbá mi sì ní kò dára kí ó máa dá gbé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú àpò gàrí Ìjẹ̀bú kan, àpótí páànù kan, àti òòlù kan tí wọ́n fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ìyá mi gbé fún un, ẹ̀bà ni. Ó wo ẹ̀bà náà tó pupa roro, nítorí gàrí ìhà ọ̀dọ̀ wa ni, ó ní, “Ìyàwó mi, ta ló da epo sínú gàrí yìí? Àbí ọmọdé ló ṣe é?” Ìyá mi ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dín in níbí. Màmá Àgbà ní òun ti gbọ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti so àpò gàrí tirẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. A kò tíì kó àwo kúrò nílẹ̀ nígbà tí páànù dún, kọ̀ọ́. Màmá Àgbà gbé ojú sókè. Ó tún dún. Ó ní, “Táíwò, ta ló kan páànù yìí fún ọ?”

Bàbá mi dáhùn pé kápẹ́ńtà gidi ni, pé páànù náà kò tíì pé ọdún márùn-ún, pé ó ń kí wọn ni. Màmá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kíkí kọ́. Ẹjọ́ ló ń rò.” Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kápẹ́ńtà onípáànù ni bàbá bàbá mi nígbà ayé rẹ̀, àti pé ìyàwó rẹ̀ ló máa ń dúró nísàlẹ̀ kó ìṣó fún un, tó sì máa ń wí fún un pé èyí wọ́, èyí tọ́. Ó ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Oòrùn á gbóná, páànù á nà. Ilẹ̀ á tutù, páànù á súnkì. Ìṣó ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ni wọ́n ń fà síwá fà sẹ́yìn lójoojúmọ́ ayé. Ìṣó tí wọ́n bá ń fà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò dẹ̀, ihò rẹ̀ á fẹ̀. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ tó ń ti ojú omi Potakọ́ọ̀tù wá á sì bá a dá sí i, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjì á dé, á na ọwọ́ sábẹ́ etí páànù tó ti dẹ̀ yẹn, á sì ká a bí ẹní. Ó ní, “Ìjì kì í ṣí òrùlé. Onílé tí kò yẹ òrùlé wò ló ṣí i sílẹ̀ dè é. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ráyè wọ ibẹ̀.” Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu ògiri.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, tí mo wá mọ̀ nígbà tí èmi náà di opó, ni pé obìnrin yẹn ń wá iṣẹ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò lè wá jókòó sílé ọmọ kó máa jẹ kó máa mu lásán. Bàbá mi mọ̀. Nítorí náà ó ní, “Ó dáa, Màmá. Ẹ̀yin ni ọ̀gá òrùlé nílé yìí. Ohun tí ẹ bá wí nípa rẹ̀, òun la ó ṣe.” Inú ìyá àgbà náà dùn débi pé ó bu gàrí Ìjẹ̀bú fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìṣòro kan ló kù. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, kò lè gun àkàbà, síìlìn wa kò sì lè gbé àgbà. Wọ́n ní ọmọdé tó fúyẹ́ ni kí ó máa wọ inú rẹ̀ lọ, kí ó máa rìn lórí igi, kí ó wò ó yíká. Wọ́n yàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín pé n kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yàn mí. Mo wà lóde, mò ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ní àárọ̀ Sátidé, Màmá Àgbà jókòó sí iwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ sínú oòrùn. Ó ní, “Dúpẹ́, lọ bá mi yẹ àjà wò, kí o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí o wá jábọ̀.” Ó yà mí lẹ́nu pé ìyá àgbà fẹ́ràn Bíngò tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí Bíngò sùn sí lábẹ́ igi máńgòrò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti imú dé ìrù. Mo ṣí ẹnu rẹ̀, mo ka eyín rẹ̀. Mo padà wá.

“O ti yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mà.”

“Ṣé ó ti gbó?”

Mo ronú. Bíngò ò gbó rárá, oorun ló ń sùn. “Kò gbó, mà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ihò ńkọ́?”

Mo ro ti imú, mo ro ti etí, mo tún ro ti ibòmíràn tí n kò lè dárúkọ níwájú àgbà. “Kò sí ihò tuntun, mà.”

“Kòkòrò?”

“Ó wà, mà. Mẹ́rin. Mo ti pa wọ́n.”

“Ọmọ dáadáa! Níbo ni wọ́n wà?”

“Lábẹ́ etí, mà.”

Ṣé ẹ rí bí èdè wa ṣe lè gbìmọ̀ pọ̀ mọ́ ọmọdé? Etí ni páànù ní, etí ni ajá ní. Aṣọ ń gbó, igi ń gbó, ajá náà ń gbó. Màmá Àgbà lu itan, ó pe ìyá mi jáde. Ó ní, “Ẹ wá gbọ́ o! Abẹ́ etí gan-an ni ikán ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ yìí sì rí i! Àní n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ológbò.” Ó bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan fún mi, ó fi ṣúgà sí i. Mo jẹ gàrí náà pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Sátidé kejì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ajá tó mọ́ tó Bíngò ní gbogbo Díóbù. Àwọn ọmọ àdúgbò ń bi mí pé, “Dupe, why you dey look dog yansh every Saturday?” Mo ní ìyá àgbà mi ló rán mi.

Sátidé kẹrin ni ọ̀rọ̀ yí padà. Màmá Àgbà fún mi ní tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, ó ní, “Má kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì náà o. Wò ó nínú òkùnkùn. Ibi tí o bá ti rí i tí oòrùn yọjú wọlé, ibẹ̀ ni ìṣó ti dẹ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.” Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo wo Bíngò, Bíngò wò mí. Níbo ni oòrùn fẹ́ gbà yọjú lára rẹ̀? Mo bá lọ bá ìyá mi nídìí ààrò, mo bi í pé, “Mama, wetin be àjà sef?” Kò yíjú wò mí. Ó kàn na orógùn sókè, ó ní, “Síìlìn,” ó sì ń ro ọkà rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń fi Bíngò jẹ gàrí àjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mo gun àjà lọ́jọ́ náà. Mo gbé àkàbà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti pákó tí wọ́n fi dé ihò òkè náà, mo yọ orí sí inú rẹ̀. Ooru tó wà níbẹ̀, àfi ti ààrò búrẹ́dì. Ìgbẹ́ eku wà lórí igi, agbọ́n ń kùn lápá ọ̀tún. N kò tan tọ́ọ̀ṣì. Lọ́nà jíjìn, ní etí páànù tó kọjú sí ilé kejì tí wọ́n ti ń yan ẹja, mo rí oòrùn. Ojú mẹ́ta ni, ó wà ní ìlà kan, ó ń wò mí. Kí n tó lè fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, mo gbọ́dọ̀ rìn lórí igi, kí n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agbọ́n. Mo wo ojú mẹ́ta yẹn, mo wo agbọ́n. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fọ ojú mi, mo lọ síwájú ilé, mo ní, “Ó dára, mà. Kò gbó, kò sí ihò.” Màmá Àgbà na ọwọ́ sínú àpò gàrí. Ibi tí ìdajì tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti Sátidé náà, bí ó bá rán mi, mo máa ń gun àkàbà ìgbésẹ̀ mẹ́ta, mo máa ń fi ọwọ́ lu ògiri kí ó lè jọ ìró ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà mo máa ń lọ bá Bíngò.

Mama Nyeche, ìyá Ìkwèrè tó jẹ́ aládùúgbò wa, ọmọ Rumuigbo ni. Ẹja ló ń yan tà. Ibi tó ń yan ẹja sí kọjú sí ẹ̀yìn òrùlé wa, apá tí àwa tí a ń gbénú ilé kò lè rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó pariwo sí Màmá Àgbà pé, “Mama Yoruba! Good morning o! Your zinc dey dance o! E dey dance!” Màmá Àgbà kò gbọ́ Píjìn. Ó bi mí pé, “Kí ni ìyá ẹlẹ́ja yìí ń wí?” Èmi sì mọ ohun tó ń wí. Mo mọ etí páànù tó ń sọ, mo mọ ojú mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, wọ́n á gun òkè lọ, wọ́n á rí i pé ẹnikẹ́ni kò fi ṣọ́ọ̀kì kan ibẹ̀ rí. Mo ní, “Ó ń kí yín ni, mà. Ó ní *sing*, ó ní *dance*. Ó ní kí ẹ kọrin, kí ẹ jó.”

Màmá Àgbà ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń kíni níbí nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì jẹ́ ẹni tí kì í jẹ́ kí wọ́n fi ìkíni borí òun. Ó dìde, ó di ìbàdí mú, ó gbé orin tirẹ̀ sókè, “Ilé wa ò ní ṣí mọ́ wa lórí o, ẹ bá wa dúpẹ́,” ó fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn jó yíká fárándà. Mama Nyeche la ẹnu sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó tún pariwo, ó tún nawọ́ sókè, “Mama! Zinc! For up! E dey dance!” Màmá Àgbà náà nawọ́ sókè, ó jó ju ti àná lọ, ó ní ìyá yìí mà láyọ̀ o, àní ó ń tọ́ka sí Ọlọ́run. Ní ọjọ́ kẹta, Mama Nyeche pariwo lẹ́ẹ̀kan péré. Ó kàn ń pàtẹ́wọ́ fún un, ó ń mi orí. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń rẹ́rìn-ín débi pé mo ki aṣọ mi bọ ẹnu. Ẹ̀rù ń bà mí pẹ̀lú. Ẹ̀rín àti ẹ̀rù lè jọ gbé inú ọmọdé lẹ́ẹ̀kan náà láìjà.

Ọ̀sán ni òjò àkọ́kọ́ ọdún náà dé, ìjì ló sì ṣáájú rẹ̀. Ìyá mi ń sáré kó aṣọ lórí okùn. Mo gbọ́ ariwo kan lórí ilé, kì í ṣe kọ̀ọ́ mọ́, gbàràgàdà ni. Etí páànù tí mo mọ̀ yẹn gbé sókè, ó padà, ó tún gbé sókè, lẹ́yìn náà ó lọ. Ó kó méjì mìíràn lẹ́yìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò kọjá ọgbà, wọ́n sì já lu ibi tí Mama Nyeche ń yan ẹja sí. Yàrá Màmá Àgbà ni òjò kọ́kọ́ wọ̀. Síìlìn mu omi, ó wú, ó sì já lulẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nígbà tí òun alára wà ní pálọ̀ pẹ̀lú wa. Bíngò ti wà lábẹ́ àga kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Nígbà tí òjò dá, ẹnu ọ̀nà Màmá Àgbà ni a ti ń wo ojú ọ̀run. Gàrí Ìjẹ̀bú ti di ẹ̀bà nínú àpò.

Bàbá mi ti wáàfù dé ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó wo òkè. Kò fi ọwọ́ lu ògiri. Ó kàn ní, “Màmá, ẹ ní àjà dára.” Kò pariwo, kò bínú, bóyá ìyẹn ló burú jù. Màmá Àgbà dìde. Ó wọ yàrá tútù yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú àpótí rẹ̀. Nígbà tó jáde, òòlù ọkọ rẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Ó gbé e fún bàbá mi. Ó ní, “Gbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà nílé, òrùlé ọmọ mi ṣí. Ojú mi ti lọ nìyẹn, etí mi náà sì ti lọ. Wá lọ́rì fún mi lọ́la, kí n máa lọ sílé.” Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní rárá. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yìí, tó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn mi títí oorun fi ń gbé mi lọ. Ó ń lọ nítorí mi, kò sì mọ̀.

Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí Mama Nyeche wọlé pẹ̀lú páànù wa kan lórí. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó dojú kọ bàbá mi. Ó ní, “Oga, sorry o. But I tell Mama! Three times I tell am say zinc dey dance. Na so she go hold waist dey dance give me. I think say na so Yoruba people dey take hear bad news!” Bàbá mi yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. Ó ní, “Dúpẹ́, kí ló wí?”

Omi ń kán sínú garawa. Mo ní, “Ó ní... ó ní páànù ló ń jó, mà.”

“Ó ń jò?”

“Kò jò nígbà yẹn, mà. Ó ń jó ni. Ijó.”

“Kì í ṣe èmi ló ní kí n jó?”

“Kì í ṣe ẹ̀yin, mà.”

Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó ní, “Àti àjà ńkọ́? Àjà tí o ń yẹ̀ wò?”

Mo bú sẹ́kún. “Ajá ni mo ń yẹ̀ wò, mà! Bíngò! N ò mọ̀ níbẹ̀rẹ̀! Nígbà tí mo mọ̀, agbọ́n ló wà níbẹ̀, mo rí ihò mẹ́ta, mo ní kò sí!”

“Kòkòrò abẹ́ etí yẹn?”

“Eégbọn, mà.”

“Tí o ní kò gbó?”

“Oorun ló ń sùn, mà.”

Bàbá mi jáde gba ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ẹgba ló lọ mú, mo sì ti di ìdí mi mú dè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó gbé orí ti ògiri ilé rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì jẹ́ kí ẹ̀rín náà dún. Bíngò rí i, kò mọ ohun tó ń ṣe ọ̀gá rẹ̀, ó sì gbó. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Màmá Àgbà gbé ìka sókè. Ó ní, “Ẹ gbọ́. Ó ti gbó.” Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìyá mi fi ìró bo ẹnu, Mama Nyeche tí ẹnikẹ́ni kò tíì túmọ̀ nǹkan kan fún náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Màmá Àgbà fa etí mi. Ó fà á dáadáa, ẹ má rò pé ó gbàgbé. Ó ní, “Irọ́ lo pa. Ṣùgbọ́n páànù kò purọ́ fún mi. Mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ti yí padà, mo sì fi etí tèmi sílẹ̀, mo lọ gba ti ọmọdé gbọ́. Táíwò! Mú òòlù mi wá.” Ó sì tú ẹrù rẹ̀.

Àwa méjì la ṣe ọ̀gá òrùlé láti ìgbà náà. Bàbá mi pa agbọ́n, kápẹ́ńtà dá páànù padà, gbogbo Sátidé ni mo sì ń wọ inú àjà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, tí Màmá Àgbà ń dúró ní ìdí àkàbà tó ń bi mí pé èwo ni mo ń yẹ̀ wò. Bí n kò bá fi ohùn tó yẹ pe àjà, kò ní jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Mama Nyeche ń kí i láti ẹ̀yìn ọgbà pé, “Mama, zinc no dey dance today!” Òun náà á sì jó fún un, ó ní òun kò lè torí òtítọ́ fi ijó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀. Ọdún yẹn kò tíì parí tí rédíò fi yí ohùn padà, tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ ogun wúyẹ́wúyẹ́. A ti ilẹ̀kùn ilé, a fi kọ́kọ́rọ́ àti Bíngò lé Mama Nyeche lọ́wọ́, a kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìgbà tí ogun parí ni àwa mẹ́ta tó padà, Màmá Àgbà kò bá wa wá. Bàbá mi ní ó ti darúgbó jù, pé ọ̀nà jìn, pé ó ti ṣe tirẹ̀. Mo sọkún nínú lọ́rì láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí a fi gba orí afárá Niger kọjá.

Ilé náà dúró. Ìpẹtà ti jẹ páànù rẹ̀ títí ó fi pupa bíi gàrí Potakọ́ọ̀tù. Bíngò jáde láti ilé Mama Nyeche, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, ó wò mí, ó sì gbó títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní ọ̀la rẹ̀ mo gun àjà. Igi rẹ̀ ti jẹrà, oòrùn ń wọlé ní ibi púpọ̀ tí n kò lè kà. Mo bá jókòó, mo kọ lẹ́tà sí Màmá Àgbà. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ̀wé nígbà náà, n kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ kò ju ìlà méjì lọ: Aja gbo. Aja na gbo.

Àbúrò bàbá mi ló kà á fún un, òun ló sì sọ fún wa bó ṣe rí. Ó ní òun kà á tán, inú bí òun, òun ní ẹ wo ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé, tó ná owó sítáǹbù láti sọ pé ajá gbó, pé ajá náà gbó. Màmá Àgbà ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa àpótí rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Bá mi ra ìṣó. Wọ́n ń pè mí nílé.”